Ìjọ Àgùdà, Ìjọ Mọ́mọ́nì, àti Àwọn Tí Ó Ti Lọ

Àwọn àgbà wa ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Kò sí ibi tí a gbé ń rú òfin òwe yìí tó inú ọ̀rọ̀ ìsìn. Ẹni tí a bí sínú ìjọ kan a máa ròyìn ìjọ kejì bí ẹni tí ó ti gbé inú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ni kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwa tí a ó sì di olùkọ́ lọ́la, àwa ni àwọn ọmọ yóò bi léèrè pé, "Kí ni ó ya ìjọ tibí kúrò lára ìjọ tọ̀hún?" Bí a bá fi àhesọ dá wọn lóhùn, àhesọ ni wọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ tiwọn.

Ìjọ méjì ni mo fẹ́ gbé wò lónìí, èyíinì ni ìjọ Àgùdà àti ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì. Kì í ṣe àríyànjiyàn ni mo ń wá. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ẹbí mi: Àgùdà ni ìyá tí ó bí mi lọ́mọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sì di Mọ́mọ́nì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Aba. Ọ̀rọ̀ tí ó sì pa àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ilé wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ alààyè bí kò ṣe ti òkú, gẹ́gẹ́ bí èmi yóò ti sọ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ orísun wọn. Ìjọ Àgùdà gbà pé láti ọwọ́ Pétérù àpọ́sítélì ni àṣẹ ti ń bọ̀ láti ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn, láìjá, títí di ọ̀dọ̀ Póòpù tí ó wà ní Róòmù. Láti òkè òkun ni orúkọ Àgùdà ti bá wa wálé: àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà sí Èkó, àwọn ni a kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Kí àwọn Fáàdà tó wá tẹ̀dó sí Èkó ní ọdún 1868, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti Bùràsíìlì dé, tí a ń pè ní Padre Antonio, ti ń kó wọn jọ fún àdúrà. Kì í ṣe àlùfáà rárá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí iná náà kú.

Ìjọ Mọ́mọ́nì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ni a ti bí i. Joseph Smith, ẹni tí a bí ní ọdún 1805, sọ pé ní ọdún 1820, nígbà tí òun ń gbàdúrà nínú igbó kan nítòsí Palmyra ní ìpínlẹ̀ New York, òun rí Ọlọ́run Baba àti Ọmọ. Ó ní lẹ́yìn náà áńgẹ́lì kan fi àwo wúrà tí a kọ ọ̀rọ̀ sí hàn òun, òun sì túmọ̀ rẹ̀. Ìwé ti Mọ́mọ́nì nìyí, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1830. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún náà ni a dá ìjọ sílẹ̀. Àwọn jàǹdùkú kọlù ú nínú ẹ̀wọ̀n ní Carthage ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 1844, wọ́n sì pa á. Brigham Young ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn náà la aginjù kọjá dé àfonífojì Odò Iyọ̀ Ńlá ní ọdún 1847, níbi tí ìlú Salt Lake City wà títí di òní.

Nínú ìtàn méjèèjì yìí ni gbòǹgbò ìyàtọ̀ wọn wà. Àgùdà ní okùn àṣẹ kò já rí. Mọ́mọ́nì ní ó já lẹ́yìn ikú àwọn àpọ́sítélì, àti pé Ọlọ́run tún un so láti ọwọ́ Joseph Smith. Àgùdà ní ìṣípayá tí ó jẹ́ ti gbogbo ìjọ parí pẹ̀lú àwọn àpọ́sítélì. Iṣẹ́ ìjọ ni láti pa á mọ́ àti láti là á yé ènìyàn. Mọ́mọ́nì ní wòlíì ṣì ń bẹ láàyè: ààrẹ ìjọ wọn ni, ó sì ní àpọ́sítélì méjìlá lábẹ́ rẹ̀. Nítorínáà Bíbélì oníwèé 73 ni ti Àgùdà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ìjọ. Ṣùgbọ́n Mọ́mọ́nì fi ìwé mẹ́ta mìíràn kún Bíbélì, Ìwé ti Mọ́mọ́nì sì ni olórí wọn.

Nípa ti Ọlọ́run tìkárarẹ̀, ìyàtọ̀ náà jìn ju bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti rò lọ. Àwọn méjèèjì ń pe orúkọ Baba, Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ṣùgbọ́n Àgùdà, gẹ́gẹ́ bí ìpàdé ńlá ti Nicaea ti fi lélẹ̀ ní ọdún 325, gbà pé ọ̀kan náà ni Baba àti Ọmọ ní ti ìwà Ọlọ́run wọn, àti pé Ọlọ́run kan ni ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mọ́mọ́nì ní ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ó ṣọ̀kan ní ìfẹ́ àti ní ète, àti pé Baba ní ara tí ó ní ẹran àti egungun.

Bí a bá ti inú ẹ̀kọ́ bọ́ sí ìṣe, ojú lásán lè rí ìyàtọ̀ wọn. Àgùdà a máa da omi sí orí ọmọ ọwọ́. Mọ́mọ́nì a dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́jọ, wọn a sì rì í sínú omi pátápátá. Nínú Mísà, Àgùdà gbà pé búrẹ́dì àti wáìnì di Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa ní tòótọ́. Mọ́mọ́nì a fi búrẹ́dì àti omi ṣe ìrántí Rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Àgùdà a bẹ Màríà Wúńdíá àti àwọn ẹni mímọ́ kí wọ́n bá wọn gbàdúrà, àgbélébùú kò sì ní ṣàì wà nínú ilé ìsìn wọn. Mọ́mọ́nì kì í ké pe ẹni mímọ́, bẹ́ẹ̀ni wọn kì í sábà gbé àgbélébùú sí ilé ìsìn wọn. Fáàdà a lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-ẹ̀kọ́, bí ó bá sì jẹ́ ti ìlànà Róòmù, kì í gbé ìyàwó. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Mọ́mọ́nì kan lè jẹ́ káfíńtà tàbí olùkọ́ bí àwa, tí ó ní aya àti ọmọ, tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, tí a kò sì san kọ́bọ̀ fún un nítorí iṣẹ́ ìjọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wọn ni í fi ọdún méjì wàásù kiri ní méjì-méjì, wọn a sì fi owó ara wọn tàbí ti ẹbí wọn ṣe é.

Láti ọdún 1833 ni wọ́n ti ní òfin tí ó kọ ọtí, tábà, kọfí àti tíì. Ìdámẹ́wàá wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọn a gbààwẹ̀ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, wọn a sì fi owó rẹ̀ fún aláìní. Àgùdà kò ka ọtí léèwọ̀ bí a kò bá mu ún yó, ṣùgbọ́n òun náà ní ọjọ́ ààwẹ̀ tirẹ̀, pàápàá nígbà Lẹ́ńtì.

Kò sí èyí tí ìtàn rẹ̀ mọ́ tónítóní fún wa láti kà, àwa ènìyàn dúdú. Póòpù Nicholas Karùn-ún ni ó fún ọba Potogí láyè ní ọdún 1452 láti sọ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni di ẹrú. Ní ọdún 2023, Róòmù kọ ẹ̀kọ́ tí a gbé ka irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Àwọn Mọ́mọ́nì kò jẹ́ kí ọkùnrin tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà jẹ oyè àlùfáà títí di oṣù kẹfà ọdún 1978. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ènìyàn kan ní Nàìjíríà ti kà nípa ìjọ náà fúnra wọn, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà pé kí a wá kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Anthony Obinna, ti ń dúró láti ọdún pípẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni a tó rì í bọmi ní ilẹ̀ Ìgbò. Ní ọdún 2005 ni a ya tẹ́ḿpìlì Aba sí mímọ́. Bí mo bá ro ti Padre Antonio àti ti Obinna pọ̀, mo rí i pé nínú ìjọ méjèèjì, ọmọ ilẹ̀ wa ti tan iná kí òyìnbó tó mú àtùpà dé.

Nísinsìnyí mo dé orí ọ̀rọ̀ tí ó ká mi lára jù. Bàbá tí ó bí bàbá mi kú láìṣe ìrìbọmi. Àgbẹ̀ ni, olóòótọ́ ènìyàn. Kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí, kò sì dá sí ọ̀rọ̀ ìjọ kankan. Níbo ni ó wà?

Àgùdà gbà pé ẹni tí ó kú nínú oore-ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n tí ó kù díẹ̀ kí ó mọ́, yóò la ibi ìwẹ̀nùmọ́ kọjá kí ó tó dé ọ̀run, àti pé àdúrà àwọn alààyè lè ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí gbogbo òkú ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá. Nípa ẹni tí kò mọ Krístì, tí kì í sì ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ìpàdé ńlá ti Vatican sọ ní ọdún 1964 pé bí ó bá fi òtítọ́ ọkàn wá Ọlọ́run, tí ó sì tẹ̀lé ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀, ó lè rí ìgbàlà. Ọdọọdún ni ìyá mi ń san owó Mísà fún bàbá ọkọ rẹ̀, tí kì í ṣe Àgùdà.

Mọ́mọ́nì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó lè wọ ìjọba Ọlọ́run láìṣe ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n nítorí pé Ọlọ́run kì í ṣe òǹrorò, a lè rì alààyè bọmi dípò òkú nínú tẹ́ḿpìlì. Wọ́n tọ́ka sí 1 Kọ́ríńtì 15:29. Bákan náà ni wọ́n gbà pé a lè so tọkọtaya pọ̀ títí ayérayé, àti ọmọ pọ̀ mọ́ òbí. Ṣùgbọ́n ní ti Àgùdà, ikú ni í tú okùn ìgbéyàwó. Nítorí èyí ni Mọ́mọ́nì fi ń wá orúkọ àwọn baba ńlá káàkiri ayé, tí wọ́n sì kó àwòrán ìwé ìrántí pamọ́ sínú ihò òkè àpáta kan nítòsí Salt Lake City. Ta ni yóò fi èyí rẹ́rìn-ín nínú àwa tí a ń ki oríkì orílẹ̀, tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé?

Ní ọjọ́ ìpàdé ẹbí kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí dọ̀bálẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún òun ní orúkọ bàbá àgbà àti ọdún tí a bí i, kí òun lè ṣe ìrìbọmi dípò rẹ̀. Ilé dàrú. Àwọn kan ní ó fẹ́ gba òkú lọ́wọ́ ẹbí. Ìyá mi ní, "Mísà mi ńkọ́? Ṣé asán ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí?" Àbúrò bàbá àgbà, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, dá wọn lẹ́kun, ó sì bi í pé, "Bí ẹ bá ṣe é tán, tí ẹ̀gbọ́n mi bá sì kọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún ńkọ́?" Ó dáhùn pé, "Bàbá, bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n kọ̀ náà ni. Ìlẹ̀kùn la ṣí. A ò fà wọ́n wọlé." Bàbá náà dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "O ṣe dáadáa tí o bi wá kí o tó ṣe é. Bí o bá ti ṣe é sẹ́yìn wa ni, èmi àti ìwọ ì bá máa jà." Ó sọ orúkọ náà, ó sì ki oríkì rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá mi kò bá wọn fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ni kò dáwọ́ Mísà rẹ̀ dúró.

Ìbéèrè tí bàbá náà bèèrè ti da àwọn tí ó jù wá lọ láàmú. Àwọn Júù bínú nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a ti ṣe irú ìrìbọmi bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn wọn tí ìjọba Hitler pa. Ní ọdún 1995 ìjọ Mọ́mọ́nì ṣe àdéhùn láti fi òpin sí i. Ní ọdún 2008 Róòmù pàṣẹ pé kí a má ṣe kó ìwé ìrántí àwọn ìjọ Àgùdà fún wọn mọ́. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2001, Róòmù ti sọ pé ìrìbọmi Mọ́mọ́nì kì í ṣe ìrìbọmi Kristẹni ní tòótọ́, nítorí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa Mẹ́talọ́kan yàtọ̀; Mọ́mọ́nì pẹ̀lú a sì máa tún Àgùdà tí ó bá wọ ìjọ wọn rì bọmi. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2019, Póòpù Francis gba Russell Nelson, tí í ṣe ààrẹ ìjọ Mọ́mọ́nì nígbà náà, ní àlejò ní Vatican, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kejì ni àwọn Mọ́mọ́nì bẹ̀rẹ̀ ìyàsímímọ́ tẹ́ḿpìlì wọn ní ìlú Róòmù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ kan bá bi mí nípa ìjọ méjèèjì yìí, èmi kò ní sọ fún un pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí irọ́ ni. Ẹni tí ó bá ní gbogbo ìsìn dọ́gba kò tíì fetí sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń wí. Ṣùgbọ́n èmi yóò sọ fún un pé ìbéèrè kan náà ni ó ń jẹ àwọn méjèèjì lọ́kàn: ṣé ìfẹ́ Ọlọ́run parí ní etí ibojì? Ọ̀kan ń dáhùn pẹ̀lú àdúrà, èkejì pẹ̀lú omi. Kò sì sí èyí tí ó fẹ́ kí a gbàgbé bàbá mi àgbà. Èmi yóò sì fi ohun tí mo rí nínú ilé wa kún un: kí a máa bèèrè lọ́wọ́ onílé kí a tó wọlé, ìbáà ṣe pé oore ni a gbé lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ yìí kò yọ ìjọ kankan sílẹ̀, kò sì yọ àwa olùkọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.