Láti Òkè-Òpin dé Ìlọrin: Máàpù tí Gbogbo Ènìyàn Lè Tún Ṣe

Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Òkè-Òpin láàárọ̀, tí ó sì gba Omù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ilẹ̀ kì í ṣú bá a kí ó tó dé Ìlọrin. Ìgbà tí a bá wọ ìlú tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà á ní ilé àbúrò òun ń bẹ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lẹ́bàá igi máńgòrò. Mọ́ṣáláṣí wo nínú Ìlọrin? Igi máńgòrò náà ńkọ́, ta ni ó mọ ọdún tí wọ́n gé e?

Ìlọrin tí àwọn àgbà wa mọ̀ kọ́ ni ti òde òní. Wọ́n ní òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni ó fún ìlú náà lórúkọ. Láti ayé Ábdúsàlámì, ọmọ Ṣéù Àlímì, tí ó kọ́kọ́ jẹ Ẹ́míà, ni ìlú ti kóra jọ yí ààfin ká lábẹ́ àwọn balógun mẹ́rin: Gàm̀bàrí, Fúlàní, Ajíkòbí àti Àlànàmú. Agbo ilé ni a fi ń júwe ènìyàn nígbà náà. Bí o bá ti dárúkọ agbo ilé, ọmọdé kan á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí Goldie jẹ́ olórí wọn, yin àgbá lu ìlú, tí iná sì jó púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1908 ni rélùwéè dé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ Ìlọrin di ńlá ni ti 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ṣáájú ọjọ́ náà, Kàdúná ni olú-ìlú tí àwa ará Òpin ń wò, ó sì jìnnà jù. Gómìnà àkọ́kọ́, David Bamigboye, ọmọ Omù-Àrán ni, ará ọ̀nà wa. Ọ́fíìsì ìjọba dé, ilé òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ilẹ̀ oko tí ó wà ní ọ̀nà Tanke sì di ilé. Ẹni tí ó ń ra ọjà ní Taiwo Road kì í sábà rántí pé gómìnà ni Ibrahim Taiwo, tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ oṣù kejì ọdún 1976.

Ìlú tí ó ń yí padà báyìí, máàpù tí a tẹ̀ sórí ìwé kò lè bá a sáré. Ní ọdún 2004, Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé owó tí wọ́n ń gbà lórí máàpù ìjọba wọn pọ̀ jù. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni máàpù yìí wà, ẹnikẹ́ni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ sì lè tún un ṣe. A ó wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, a ó fa ìlà lé ọ̀nà, a ó fi àmì sí ibi tí kànga wà, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Àyè wà fún orúkọ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Gbogbo àtúnṣe ni wọ́n ń pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é, nítorí náà bí aláìmọ̀kan bá ba nǹkan jẹ́, ẹlòmíràn lè dá a padà. Wọn kò gbà kí a da máàpù Google kọ síbẹ̀. Ohun olóhun ni, ẹ̀yin Mùsùlùmí sì mọ bí ìyẹn ti rí.

Iṣẹ́ eré kọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, tí olú-ìlú wọn, Port-au-Prince, wó, àwọn ènìyàn káàkiri ayé jókòó sílé wọn, wọ́n ya ọ̀nà ìlú náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Máàpù náà ni àwọn olùgbàlà fi ń rìn.

Ẹ̀yin obìnrin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ya máàpù yìí, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń yà. Ní 2011 ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n ní àmì fún ibi tí a ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́; wọn kò gbà á nígbà náà, bẹ́ẹ̀ àmì fún ilé ọtí ti wà! Ta ni yóò fi ilé ìgbẹ̀bí sí i, tàbí ẹnu ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà wọ mọ́ṣáláṣí, tàbí ẹ̀rọ omi tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn? Bí ìrọbí bá mú aboyún lóru ní abúlé tí awakọ̀ kò mọ̀, orúkọ ìlú nìkan kò tó. Èwo ni ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà lójò? Àwọn tí ń pọn omi, tí ń ná ọjà, ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí a kọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe kọ orúkọ onílé sí ilé rẹ̀, ẹ má sì fi máàpù parí ìjà ààlà ilẹ̀. Àwọn àgbà ìlú àti kóòtù ni ó ni ìyẹn.

Ní Ìlọrin, bí wọ́n bá ti ta ilẹ̀ tán, orúkọ ẹ̀sítéètì á bo orúkọ àdúgbò àtijọ́ mọ́lẹ̀. Òkè-Òpin náà lè dé ibẹ̀. Kí ọmọ tí ó mọ fóònù jókòó ti ìyá àgbà lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ó bi í ní orúkọ odò, agbo ilé, àti ibi tí wọ́n ti ń kírun kí wọ́n tó kọ́ mọ́ṣáláṣí. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ná, kí ó kà á sí ìyá àgbà létí, kí ó tó fi sórí máàpù. Ẹni tí ó bá sì ń lọ sí Ìlọrin, kí ó gba máàpù náà sórí fóònù rẹ̀ nílé. Organic Maps àti OsmAnd ń lò ó, wọn kì í sì í jẹ dátà lójú ọ̀nà.