Ọ́ìlì Méjì Nínú Alùpùpù Kan

Iṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù ni bàbá mi fi tọ́ àwa ọmọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà ń gbóná lọ́wọ́ wọn, Yamaha àti Suzuki ni ó kún ìgboro, tú-sitíróòkù sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí èéfín tí ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, àti ìró wọn tí ń ta létí bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ tuntun ya. Fọ́ọ̀-sitíróòkù ti lé wọn kúrò lójú títì báyìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá mi sọ fún mi pé ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ti di owó ẹyọ. Kò sí ọjà tí a ti ń ná an mọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 17, ni ó tún gbé e padà dé ọjà. Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń gbé. Owó iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni ó kó jọ tí ó fi ra alùpùpù àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n sì fi ń fò kọjá òkìtì. Èmi kò fẹ́ ẹ, n kò sì fi pamọ́ fún un. Òfin kò gbà á láyè kí ó máa gùn ún káàkiri lórí ilẹ̀ onílẹ̀, nítorí náà pápá àdáni kan ni a ń gbé e lọ ní ọjọ́ Àìkú. Tú-sitíróòkù ni òun náà. Wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ fún eré ìje títí di òní, nítorí pé ó fúyẹ́, ohun èlò inú rẹ̀ kò sì pọ̀.

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ́ìlì a máa gúnwà sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a yí ká, a sì tún padà síbi tí ó ti wá. Tú-sitíróòkù kò ní irú àmù bẹ́ẹ̀. Yàrá tí ó wà lábẹ́ písítìn, níbi tí kíráńkì ti ń yí, ni epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí wọ́n tó gòkè lọ jóná. Kò sí bí ọ́ìlì ṣe lè dúró níbẹ̀. Inú bẹntiróòlù gan-an ni a óò ti pò ó mọ́ ọn. Bí epo náà ti ń kọjá bí ìkùukùu, ọ́ìlì inú rẹ̀ ń bà lé kíráńkì, ó ń bà lé bíárìn, ó ń pa ara písítìn àti ògiri ibi tí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Èyí tí ó kù a jóná, a di èéfín. Bàbá mi a máa wí pé ohun tí ẹ́ńjìnnì yìí ń mu náà ni ó fi ń para.

Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí ìwé alùpùpù bá sọ pé ìdá 1 ọ́ìlì sí ìdá 40 epo, mílílítà 125 ni lítà 5 yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ 1 sí 32, nǹkan bí 156 ni. Agolo mílíìkì kan sí jálá kan ni bàbá mi ń lò. Lóòótọ́, Yamaha ti gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde ní 1964 tí ń fa ọ́ìlì láti inú táǹkì tirẹ̀, ṣùgbọ́n alùpùpù eré ìje kì í ní in, kí ó má bàa wúwo.

Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, pọ́lọ́ọ̀gì a dọ̀tí, èéfín a sì gba gbogbo àdúgbò. Bí ó bá kéré jù, irin a máa ha irin, písítìn a gbóná, a wú, a sì há mọ́ ibi tí ó wà. Èyí ni à ń pè ní nọ́ọ̀kì, òun ni kì í jẹ́ kí n sùn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lórí eré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù a gan lójijì, tòun ti ẹni tí ó gùn ún. Òun náà ni bàbá mi fi kìlọ̀ fún ọmọ náà nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí kò fún un lépo, ẹsẹ̀ alùpùpù yóò máa fi ipá yí ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì mu. Kí ó fa kílọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ó máa fún un lépo díẹ̀díẹ̀. Ìdí kan náà ni ọkọ̀ Saab ti ilẹ̀ Sweden, nígbà tí ó ń lo tú-sitíróòkù, fi ní ohun èlò tí ń já ẹsẹ̀ ọkọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo.

Ọ́ìlì kejì ni ti gíábọ́ọ̀sì. Àwọn jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì tiwọn, tí kò tó lítà kan, tí kì í jóná, tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mìíràn máa ń yọ̀ jù fún un, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní di ara rẹ̀ mú dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára ni kí ẹ wá. Síìlì rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí ó yí orí kíráńkì ká ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì yìí ráyè wọ ọ̀dọ̀ èkejì.

Ní oṣù Ọ̀wàrà tí ó kọjá, alùpùpù ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín funfun dùdù, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán. Ilé ìtúnṣe kan ní písítìn ti jẹ, pé àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Iye tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí ó fi ra alùpùpù náà. Mo pe bàbá mi lórí fóònù, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Wọn kò béèrè nípa písítìn rárá. Wọ́n ní, “Ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ńkọ́, ó kù bí mélòó?”

A tú ìdè tí a fi ń wo ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀kán kan kò jáde. Ilẹ̀ abẹ́ alùpùpù sì gbẹ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Ọ́ìlì tí kò jò sílẹ̀, tí kò sì sí níbi tí ẹ bù ú sí, ẹnu ni ó bá lọ.”

Síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni ó ti ya. Bí písítìn bá ti ń gòkè, yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa fà, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ni ó sì ń fà mu. Bí ó bá jẹ́ síìlì ẹ̀gbẹ́ kejì ni, afẹ́fẹ́ ni ìbá máa fà, ìyẹn sì burú jù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì yóò gbóná láìsí èéfín tí yóò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tiwa náà kò jìnnà sí ewu; bí ọ́ìlì ti tán nínú gíábọ́ọ̀sì yẹn, àwọn jíà ni ìbá tẹ̀ lé e.

Síìlì tuntun kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán kan lọ. Ìrọ̀lẹ́ 3 ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, ọmọ mi níwájú alùpùpù, bàbá mi nínú fóònù tí a gbé ti àpótí irinṣẹ́. Yorùbá ọmọ mi kò dán mọ́rán, Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi kò sì jìnnà, ṣùgbọ́n síìlì, kílọ́ọ̀ṣì àti náàtì kò nílò ògbufọ̀. “Rọra” ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, mo gbọ́ tí ọmọ náà ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Nígbà tí ọ́ìlì tí ó ti há sínú sàléńsà jó tán, èéfín náà lọ. Bàbá mi ní kí n fi síìlì tí ó ya náà rán ẹni tí ó bá ń bọ̀ nílé, àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn gbá a mú. Ní báyìí, ọmọ mi ni ó ń pè wọ́n fúnra rẹ̀. Iyàn ìwọ̀n ọ́ìlì ni wọ́n ń jà lọ́wọ́lọ́wọ́: ọmọ ní 1 sí 40 ni ìwé wí, pé ọ́ìlì ayé òde òní dára ju ti àtijọ́ lọ, bàbá mi ṣì di agolo mílíìkì wọn mú.