Ìbéèrè Tó Ń Bí Ọlọ́jà Nínú

Ínṣọ́ránsì ni mò ń tà ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀: Ìfọ́n, Ìdó-Àní, títí dé Òkèlúsè. Ẹni tó ń ta iṣu, iṣu rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ lè gbé e wò. Ẹni tó ń ta aṣọ, ẹ ó nà án sí oòrùn, ẹ ó fọwọ́ pa á. Ìlérí ni èmi ń tà ní tèmi, pé bí iná bá jó ọjà yín, ilé-iṣẹ́ kan yóò san án padà. Ẹni tí mo gbé e lọ bá kò rí nǹkan kan yẹ̀ wò ju èmi tí mo gbé e wá lọ. Èmi náà ló sì máa ń yẹ̀ wò, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a kò lè tún sọ níwájú ọmọdé.

Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí á ní ká máa rẹ́rìn-ín, ká má fèsì, ká tún padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rín dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí ènìyàn, tí ẹ kò gbọ́ ohun tó ń bí i, tí ẹ ṣáà ń rẹ́rìn-ín, yóò gbà pé ẹ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ gbọ́ àwọn ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù tí a máa ń gbé kiri. Èló ni ọjà inú ṣọ́ọ̀bù yìí? Níbo lẹ ń kó o sí lálẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ń sùn níbẹ̀? Owó tí ẹ bá pa, ta ló ń gbé e lọ sí báńkì, èló ló sì máa ń tó lẹ́ẹ̀kan? Kò sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó lè mọ iye tí yóò gbà lọ́wọ́ yín láìbéèrè nǹkan wọ̀nyí, nítorí bí ewu bá ṣe tóbi tó ni owó náà ṣe máa pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni lẹ́nu wa.

Àmọ́ ẹ gbé ìbéèrè yẹn dé Ìfọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn agbébọn pa Olúfọ́n, Ọba Israel Adeusi, lójú ọ̀nà nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sílé. Ọba aládé ni o. Nígbà tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí ọba, kí ni ẹ fẹ́ kí ìyá tó ń ta sìmẹ́ǹtì rò nípa àjèjì tó fi báàgì kọ́ apá, tó ń bi í ní iye owó tó ń gbé jáde àti ẹni tó ń gbé e? Ọ̀wọ̀ náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa àwọn olùjọsìn tó tó 40 nínú ìjọ Kátólíìkì ti Fransísì Mímọ́. Ìlú tó ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fi ojú àtijọ́ wo àlejò mọ́.

Ìyá kan ní Ìfọ́n ló la ohùn mọ́ mi débi pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ jáde. “Ta ló rán ọ wá? O wá ka ọjà mi kó o lè lọ sọ fún wọn, àbí?” Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yí mi ká, wọ́n ní kí n mú káàdì iṣẹ́ mi wá. Mo mú un jáde, mo dárúkọ ọ́fíìsì wa àti àwọn tó mọ̀ mí nínú ìlú. Mo ní, “Mọ́mí, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ni ọjà yín.” Èébú kọ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá náà. Ẹ̀rù ni mo gbọ́, ẹ̀rù náà sì tọ́.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà fún mi nìyẹn. Ní ìlú bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀mù ló gbọ́dọ̀ jáde kẹ́yìn. Kí a kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà, kí ẹni tí ọjà mọ̀ mú wa wọlé. Bí a bá dé ìdí ọjà, “Ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá o,” kí a jókòó bí wọ́n bá fún wa níjòókòó, kí ọlọ́jà sì bi wá ní ìbéèrè tirẹ̀ ná títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ owó tó ń gbé jáde, kó má sọ ọ́ lójú ọjà rárá. Kó wá sí ọ́fíìsì, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí a wà.

Ìbínú àwọn awakọ̀ yàtọ̀. “Olè ni gbogbo yín!” ni wọn máa fi ń kí wa ní gáréèjì. Èmi kì í jà. Mo máa ń béèrè pé, “Ọ̀gá, ìwé wo lẹ rà?” Third party ni lọ́pọ̀ ìgbà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, 15,000 náírà ni wọ́n ń san fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, 5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn tí ẹ bá bà jẹ́ ni ìwé yẹn ń tún ṣe, kò kan ọkọ̀ tiyín. Ẹni tó tà á fún awakọ̀ náà pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọkọ̀ kò sọ èyí fún un. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ ló tó mọ̀. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé ayédèrú ni ìwé náà látilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá tẹ *565*11# lórí fóònù lè yẹ ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ẹ tún rántí pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì kéékèèké 132, ti Heritage Bank sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Lójú ẹni tí owó rẹ̀ há síbẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo àwa tí a ń gbé ìwé kiri. Gbèsè àwọn tó ṣáájú wa ni wọ́n ń bù lé wa lórí, a sì gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ọ kí tiwa tó lè wọ etí wọn.

Ṣùgbọ́n ìwà kan wà tí n kò ní í wá àwíjàre fún láéláé. Àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni wọ́n pọ̀ nínú wa. Ọkùnrin olówó kan á ní kí wọ́n padà wá lálẹ́ kí òun tó buwọ́ lùwé. Ẹ̀rù kọ́ nìyí, òfò kọ́ ló fà á, ìwọ̀sí ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé báàgì wọn, kí wọ́n jáde, kí wọ́n má padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tó bá sì fi tágẹ́ẹ̀tì há ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ débi tí kò fi lè jáde, òun náà pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Kò sí owó tí a lè mú wọlé tó tó iyì ọmọ ènìyàn kan.

Ẹ̀yin ọlọ́jà wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, mo bẹ̀ yín. Bí ọ̀kan nínú wa bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè káàdì rẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ má sọ iye owó yín fún un lọ́jọ́ kìíní. Bí ẹ kò bá fẹ́ rà, ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́. A ó kí yín pé ẹ kú ọjà, a ó sì máa lọ.