Fíìmù Tí Kò Sọ Pé Ká Padà Wá

Àwa tí a ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdírì, nígbà tí Iron Man jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, inú pálọ̀ ilé wa la ti wò ó. Ilé sinimá ìgbàlódé kò tíì dé Ìlọrin nígbà yẹn. Àwọn ìbátan wa tó ń gbé Èkó ló máa ń ròyìn Silverbird fún wa bí wọ́n bá wálé ọdún Iléyá. Orí pléètì la ti pàdé Tony Stark, Iron Man fúnra rẹ̀, pléètì kan ṣoṣo tó gbé fíìmù mẹ́wàá pọ̀, tí àwòrán ara páálí rẹ̀ kò bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Wọ́n ń tà wọ́n lórí tábìlì ní Post Office àti ní Ọjà Ọba. Bí iná bá lọ láàárín ìjà, ó di ìgbà tí NEPA bá ṣàánú wa. Bí pléètì bá há, ẹnì kan á yọ ọ́, á fi etí aṣọ nù ún, á tún un kì bọ inú ẹ̀rọ, ibi tó há náà a sì fò kọjá. Ẹ̀gbọ́n tó ti wò ó nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa, yóò sì bu tirẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ìtàn náà ṣe bá wa nìyẹn, kò tò, kò sì pé. Ẹlòmíràn rí Captain America apá kejì kó tó rí èkíní. Ẹlòmíràn rò pé Hulk àti Iron Man kò mọ ara wọn rí. Ìgbà ìsinmi ní kíláàsì la máa ń tò ó pọ̀: ẹni tó mọ ti Thor á sọ ti Thor, ẹni tó mọ ti Black Widow á dá sí i. Kò sí ẹnì kan tó ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà gbogbo wa la jọ ni ín.

Fíìmù 22 ni Marvel fi pa ìtàn kan ṣoṣo láàárín ọdún 11, a sì dàgbà mọ́ ọn lára. The Avengers ti ọdún 2012 bá wa nínú yúnífọ́ọ̀mù. Nígbà tí Adewale Akinnuoye-Agbaje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá nínú Thor: The Dark World ní 2013, a kò dá a mọ̀ lábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n kùn sí i lójú, ìgbà tí orúkọ rẹ̀ kọjá níparí la tó pariwo. Ní 2016, Civil War gbé ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ wá sí Èkó. Atlanta ni wọ́n ti ya ọjà tí wọ́n jà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì rí mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a dárí jì wọ́n, torí orúkọ wa ni wọ́n kọ sójú sinimá. Ní oṣù Kejì 2018, Black Panther gbé wa lọ sí igbó Sambisa. Ọkọ̀ kan kó àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé, akọni náà sì já bọ́ láti òkè, ó gbà wọ́n. A kò pariwo níbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 nílé ìwé ní Chibok, ẹgbẹ́ wa gan-an sì ni wọ́n, ìdánwò àṣejáde kan náà ni àwa àti àwọn ń múra sílẹ̀ fún. Nínú fíìmù, òru ọjọ́ kan ti tó láti gbà wọ́n.

Nígbà náà, Kwara Mall ti wà ní Fate, èyí tí ará Ìlọrin mọ̀ sí Shoprite, Viva Cinemas sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí Infinity War ní oṣù Kẹrin 2018. Thanos, olórí ọ̀tá wọn, ta ìka, ìdajì ohun ẹlẹ́mìí sì di eruku. A jáde síta láìsọ̀rọ̀. Ọdún kan gbáko la ní láti dúró kí a tó mọ ibi tí yóò já sí.

Dídúró kì í ṣe tuntun lára wa. Ohun tó ṣọ̀wọ́n fún ẹgbẹ́ wa ni kí nǹkan parí. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2018, nígbà tó di oṣù Kejì 2019, àwọn olùkọ́ ní àwọn dá a dúró ná. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó tán. Ìdìbò ààrẹ tí a ti múra sílẹ̀ fún ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì náà, òru mọ́jú ọjọ́ yẹn ni wọ́n kéde pé ó ti di ọjọ́ 23. Ní Kwara, ó ní ohun tó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, orúkọ ìdílé kan là ń gbọ́ nínú òṣèlú ìpínlẹ̀ wa. Olóyè Olusola Saraki kú ní oṣù Kọkànlá 2012, ọmọ rẹ̀ Bukola sì ti ṣe gómìnà láti 2003 sí 2011 kó tó di olórí Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ariwo “Ó tó gẹ́” gba ìlú kan. Bukola Saraki pàdánù àga rẹ̀ nínú ìdìbò ọjọ́ 23 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, AbdulRahman AbdulRazaq wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Nínú ilé kan náà, ẹnì kan ń jó, ẹnì kan fọwọ́ lérán. Ṣùgbọ́n àti ẹni tó ń jó àti ẹni tó fọwọ́ lérán ló mọ̀ pé ohun tó ti pẹ́ ti parí, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa yóò fojú ara wa rí irú rẹ̀.

Ìparí kejì dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ààwẹ̀ Rámádáànì bẹ̀rẹ̀. Avengers: Endgame ni, kò sì pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ. Kò sẹ́ni tó sún un síwájú.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kó àwọn òbí àti àbúrò dání? Lákọ̀ọ́kọ́, Ìlọrin ni a wà. Ọmọbìnrin tó bá ní òun ń lọ sí sinimá nírọ̀lẹ́ yóò dáhùn ìbéèrè tó pọ̀ ju ti ìdánwò lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ,” ọ̀rọ̀ bùṣe. Èkejì ni pé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ wa. Àwọn kan jẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, àláwí ₦19,800 lóṣù, wọ́n sì fẹ́ kí ìyá wọn jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù jẹ gúgúrú tí ọmọ rà. Èkẹta ni a kò lè fẹnu sọ lọ́jọ́ náà. Àwọn òbí wa mọ̀ pé a ń wo fíìmù òyìnbó. Wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ariwo tó ń bọ̀ láti yàrá kejì. A fẹ́ kí wọ́n rí ohun tó ń pariwo.

Wọn kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà, fíìmù wákàtí mẹ́ta ó lé ìṣẹ́jú kan sì ni, tí kò dúró ṣàlàyé ohunkóhun fún àlejò. Gbogbo ìlà ìjókòó ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ta lèyí?”

“Hawkeye ni, Mọ́mì. Òun ló máa ń ta ọfà.”

“Àwọn ọmọ rẹ̀ ló pòórá yẹn? Níbi tí wọ́n ti fẹ́ jẹun?”

“Àwọn ni, Mọ́mì.”

“Ìyàwó ńkọ́?”

“Ìyàwó náà lọ.”

“Áà! Subhanallah.”

Láti ìgbà náà lọ, Mọ́mì ti mú ẹni tirẹ̀, Hawkeye ni. Ọ̀rọ̀ òkúta mẹ́fà tó fún Thanos lágbára, tí à ń ṣàlàyé, kò wọ̀ wọ́n létí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn di eruku, ta ló ti ń fún wọn lóúnjẹ láti ọdún márùn-ún? Nínú fíìmù 22, àwa tí a mọ orúkọ gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ àti ìhámọ́ra kò béèrè irú ìbéèrè yìí rí. Nígbà tí ojú ọ̀run là, tí àwọn tó ti pòórá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a dìde lórí ìjókòó. Lẹ́yìn wa, ẹnì kan ké “Allahu Akbar!”, gbogbo ilé sinimá sì bú sẹ́rìn-ín, ẹkún ń bẹ nínú ẹ̀rín náà. Mọ́mì kò dìde. Wọ́n kàn ń wá ìyàwó Hawkeye kiri láàárín èrò.

Ìgbà tí Tony Stark kú, àbúrò tí a bí lẹ́yìn Iron Man àkọ́kọ́ wo ojú wa láti mọ̀ bóyá ó yẹ kóun sunkún. Ó rí i pé ó yẹ.

Nígbà tó parí, Mọ́mì ti gbé báàgì. Ẹni tó bá wọ inú fíìmù yẹn lẹ́yìn ìrun Aláásàrì, Mágàríbì yóò ká a mọ́bẹ̀. Àwa kò dìde. Láti 2008 tí Nick Fury ti yọ sí Tony Stark lẹ́yìn tí orúkọ àwọn òṣèré ti kọjá tán, a ti mọ̀ pé ẹni tó bá tètè dìde ló ń pàdánù. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi èyí tó ń bọ̀ hàn wá. “Mọ́mì, ẹ fara dà á díẹ̀.” Orúkọ ń lọ, ó ń lọ. Níkẹyìn, a gbọ́ bí ẹni ń fi òòlù lu irin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àwòrán, kò sí ẹni tó yọjú. Iná tàn.

“Ṣé apá kejì ṣì ń bọ̀?”

Ìbéèrè àgbà ni, torí Mọ́mì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìran tiwọn ló dúró de Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání láti 1993 títí apá kẹta fi jáde. Wọ́n ti jókòó ti fíìmù Yorùbá tó gé ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tó ní kí wọ́n máa retí apá tó kù, wọ́n sì retí títí. A wo ara wa. Nínú gbogbo ọdún tí a ti ń wò ó, kò sí ìgbà tí ìdáhùn ìbéèrè yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

“Rárá, Mọ́mì. Ó ti parí.”

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa relé, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Àlùfáà, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, tí wọ́n wá gbé wa, tí wọn kò sì wọ ibẹ̀ rárá. Wọ́n ní ká ròyìn. A ròyìn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Àwọn tó padà dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún yẹn, bí ìyàwó wọn bá ti fẹ́ ẹlòmíràn ńkọ́?” Fíìmù kò dáhùn, ṣùgbọ́n ìwé Risala tí wọ́n ń kọ́ ní ilé kéwú Ìlọrin ti dáhùn tipẹ́. Ní ìlànà Màlíkì, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sọnù yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú adájọ́, yóò dúró fún ọdún mẹ́rin, yóò ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó lè fẹ́ ọkọ mìíràn. Ọdún márùn-ún kọjá gbogbo rẹ̀. “Ẹni tí Thanos mú, kó má bá ìyàwó rẹ̀ jà,” Bàbá Àlùfáà parí ẹjọ́. Kí a tó dé Post Office, ìtàn tí a rò pé àwa nìkan mọ̀ ti di èyí tí gbogbo ọkọ̀ ń bá ara wọn jà lé lórí.

Kó tó pé ọdún kan, kòrónà ti àwọn ilé sinimá pa. Chadwick Boseman tó ṣe Black Panther kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2020, ẹni ọdún 43. Àwọn tí a jọ jókòó nínú ìlà kan náà ti fọ́n ká, ẹnì kan ní Leeds, ẹnì kan ní Winnipeg, àwọn kan ṣì wà ní Tankẹ, ní Ìlọrin. Àwọn fíìmù tó tẹ̀lé e, oníkálukú ń wò wọ́n lórí fóònù rẹ̀, nígbà tó bá ráyè. Kì í ṣe pé gbogbo wọn burú. A kàn ti kúrò ní ibi tí wọ́n ti lè kó gbogbo wa jọ sójú kan.

Wọ́n sì ti ní ká padà wá. Ní oṣù Keje 2024, wọ́n kéde pé Robert Downey Jr. ń padà bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá lọ́tẹ̀ yìí, nínú Avengers: Doomsday, wọ́n sì ti fi sí oṣù Kejìlá 2026. Owó ni wọ́n ń wá, a ó sì san án. Ṣùgbọ́n “ó ti parí” tí a sọ fún Mọ́mì lọ́jọ́ náà, a kò ní kó o jẹ. Òótọ́ ni nígbà tí a sọ ọ́, a sì rí ohun kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú àwọn tó bí wa. Àwọn ọmọ wa ni a ó kó dání báyìí. Wọn yóò ti mọ orúkọ gbogbo àwọn tuntun, àwa ni a ó sì máa béèrè ta lèyí, àti ta ló ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ.