Ohùn Méjì Nínú Àpótí Kan, Ọwọ́ Méjì Lórí Okùn

Ìròyìn ọ̀wọ́n gógó tí ó gba ilẹ̀ kan láti ọdún 2023 ti kan ọlọ́jà, ó ti kan awakọ̀, ó ti kan olùkọ́. Àwọn tí wọ́n ń fi orin jẹun kì í sábà sí nínú rẹ̀, àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n ń fẹ́ sí gìtá kí ó tó dún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti oṣù kẹfà ọdún náà tí ìjọba àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e, kò sí okùn gìtá, kò sí wáyà, kò sí sípíkà kan tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ tí owó rẹ̀ dúró sójú kan. Epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu náà ti gbówó lórí, nítorí ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tí olórí ẹgbẹ́ olórin bá wá jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀ láti wo ẹni tí ó lè dín kù, onílù kọ́ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá, nítorí àríyá Yorùbá tí kò ní ìlù ti kú. Onígìtá kejì ni.

Bí ó ti rí gan-an nìyẹn nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Ìbàdàn. Onígìtá àgbà ẹgbẹ́ náà ra prósẹ́sọ̀, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, tí ó sì lè mú kí gìtá kan dún bí ẹni pé inú ámpílífáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí ẹgbẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ ìdánrawò, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Wọ́n ní ohun tí o gbé dé yìí ń dún bí ámpílífáyà méjì. Kí la tún ń sanwó onígìtá méjì fún?”

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tò ó tán ná. Etí yín ni yóò dá ẹjọ́ náà.”

Èsì ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n èsì ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni pẹ̀lú. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni onígìtá kejì náà. Òun ni ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń di okùn mú. Bí ìtò náà bá dára jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti lé ọmọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá sì dára, wọn yóò ní ó fi owó ra ariwo.

Ó yẹ kí ohun tí ó wà nínú àpótí náà yé ènìyàn kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Gìtá oníná kò dá ohùn ní. Ámpílífáyà ni ìdajì ohùn rẹ̀, àwọn àgbà onígìtá a tilẹ̀ máa sọ pé ó ju ìdajì lọ. Ní ìlú Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California, Leo Fender, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún rédíò ṣe, tí kò sì mọ gìtá ta, ni ó dá ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Twin Reverb sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní sípíkà méjì tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 12. Agbára rẹ̀ tó wáàtì 85, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ẹrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílógíráàmù 30. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òpin àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Vox gbé AC30 jáde. Wáàtì 30 péré ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dán lókè, ó sì máa ń ha díẹ̀ bí onígìtá bá tẹ okùn tagbáratagbára. Àwọn Beatles ni wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ kiri ayé.

Ní ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ Line 6 ní Amẹ́ríkà gbé POD jáde, àpótí pupa kan tí ó ṣe roboto bí kíndìnrín, tí ó kó àfarawé irú àwọn ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ sínú ohun tí ó lè wọ báàgì. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti túbọ̀ ń mọ bí yóò ti fi ìṣirò ṣe ohun tí àwọn gílóòbù inú ámpílífáyà àtijọ́ ń fi iná àti ooru ṣe. Ẹni tí ó bá ti bá onígìtá gbé Twin Reverb gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì rí kò ní béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi ra POD.

Onígìtá náà yan àwọn méjèèjì yìí. Ó fi Twin sí òsì, ó fi AC30 sí ọ̀tún. Ó yàn wọ́n nítorí pé wọn kò jọra: èyí mọ́, èyí ha. Ẹni tí ó bá yan méjì tí ó jọ ara wọn, ariwo ni ó kàn sọ di ìlọ́po méjì. Ní òru, nínú yàrá rẹ̀, ó fi íyàpíìsì sétí, ó ta gìtá, ohùn náà sì kún orí rẹ̀ fọ́fọ́ bí ẹni tí ó dúró láàárín ọjà Bódìjà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó gbàgbé pé olórí ẹgbẹ́ ń dúró de èsì. Nígbà tí ó gbé e dé gbọ̀ngán ìdánrawò, ohun tí ó jáde láti inú sípíkà dà bí ẹni tí ó ki orí bọ inú ìkòkò sọ̀rọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ámpílífáyà kọ̀ọ̀kan gbé ìdí ohùn tirẹ̀ wá pátápátá. Twin ní béèsì, AC30 ní béèsì. Gìtá béèsì wà níbẹ̀, àkúbà wà níbẹ̀, ìyá ìlù náà sì ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Gbogbo wọn forí gbárí ní ìsàlẹ̀. Àwọn onídùndún ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ iná mànàmáná. Bí ìyá ìlù bá ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú kì í bá a sọ ọ́; ohùn kékeré rẹ̀ ni ó dì mú lókè, tí ó ń fi í so orin ró. Kò sí ẹni tí ó máa ń sọ pé gúdúgúdú kò dára nítorí pé kò ní ìsàlẹ̀ ohùn.

Ìlànà yìí ni onígìtá náà padà sí. Ó pa AC30, ó gbọ́ Twin nìkan, ó tò ó títí ó fi mọ́, ó sì fi béèsì rẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀nba. Lẹ́yìn náà ni ó pa Twin tí ó tan AC30. Ó gé ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ kúrò, ó sì gbé àárín ohùn rẹ̀ sókè, níbi tí etí ti ń mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ariwo. Ó rọra dín géènì kù, kí ó lè jẹ́ pé ìgbà tí òun bá fi agbára ta okùn nìkan ni ohùn náà yóò máa ha. Nígbà tí ó gbọ́ AC30 yìí ní òun nìkan, ó tínrín, kò wu ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ onígìtá ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n á yára dá béèsì padà. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó tan méjèèjì pọ̀, kò sí ohun tí ó ku nínú ohùn náà mọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ̀ngán ṣì ní ẹjọ́ kejì. Íyàpíìsì ní òsì àti ọ̀tún. Ibi àríyá kì í sábà ní in. Ẹni tí ó wà nídìí míksà ń gba wáyà kan ṣoṣo lọ́wọ́ onígìtá, gbogbo sípíkà tí wọ́n tò yí ilé ká sì ń sọ ohun kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀, bí wáyà bá wọ ihò òsì nìkan, ẹ̀rọ náà yóò po ohùn méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Onígìtá yìí sì ti dá ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ máa ń dá: kí ohùn lè fẹ̀ létí rẹ̀, ó mú kí ti ọ̀tún pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ti òsì, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá péré. Ní àkókò yẹn, ohùn kò ì rìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 34 lọ nínú afẹ́fẹ́. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti ba nǹkan jẹ́. Ìgbì ohùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Èyí tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti dé ìsàlẹ̀ ní òsì nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé òkè ní ọ̀tún. Bí wọ́n bá pàdé nínú wáyà kan, tí agbára wọn sì dọ́gba, wọn yóò pa ara wọn run. Ẹni tí ó bá sì fi ìka tẹ okùn tí ó tínrín jù lórí gìtá ní fúrẹ́ẹ̀tì keje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ibẹ̀ gan-an. Ibi tí gìtá jùjú ti máa ń fọhùn nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Ohùn tí wọ́n ń wá ni ó ń jẹ.

Àwọn ará Japan mọ èyí dáadáa. Roland JC-120, tí ó jáde ní ọdún 1975, ní ámpílífáyà méjì àti sípíkà méjì nínú àpótí kan: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ tààrà, ìkejì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yàrá ni ó ń po méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó dé etí, kì í ṣe wáyà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ń dùn.

Onígìtá náà yọ ìdádúró ohùn náà kúrò. Ó fa òsì àti ọ̀tún wá sí àárín, ó sì wá dán ohun kan wò tí ó yẹ kí ó ṣáájú: ó yí ìgbì AC30 dorí kodò, ó fetí sí i, ó tún yí i padà. Èyí tí ìsàlẹ̀ ohùn bá ti kún jù nínú méjèèjì ni ó tọ̀nà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ó ku bí ohùn ti pọ̀ tó. Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà méjì, Fletcher àti Munson, tẹ ìwádìí wọn jáde pé bí ohùn bá lọ sílẹ̀, etí ènìyàn kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ àárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń to gìtá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lóru, kí àwọn ará ilé má baà jí, yóò máa fi béèsì kún un láìmọ̀. Bí ó bá dé òde, béèsì náà yóò kún ilé. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí ó tò ó níbi tí ohùn ti ga tó ti òde. Ní ti àfarawé àpótí sípíkà tí ó wà nínú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: bí wáyà bá ń lọ sí míksà, kí ó wà ní títàn, bí ó bá ń lọ sínú ámpílífáyà gìtá gidi, kí wọ́n pa á.

Nígbà tí olórí ẹgbẹ́ dé, ó fetí sí i. Ó mi orí. Ohùn náà pọ́n, ó sì fẹ̀. “O ò rí i? Ó ti tó.”

Onígìtá náà kò jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n máa ń fi kí olówó, ó ta apá tirẹ̀, níbi tí èsì sì yẹ kí ó ti wá, kò sí nǹkan kan. Ámpílífáyà méjèèjì sọ ohun kan náà, wọ́n sì dákẹ́ pọ̀. Láti òpin àwọn ọdún 1940, tí Àyìndé Bákàrè ti mú gìtá oníná wọ inú jùjú, orin yìí ti dàgbà di ibi tí gìtá ti ń bá gìtá sọ̀rọ̀. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, gìtá mélòó kan ni ó ń há ara wọn lẹ́nu, tí ẹnì kan kò sì sọ ju gbólóhùn kékeré lọ. Ẹ̀rọ lè fún ọwọ́ kan ní àwọ̀ ohùn méjì. Kò lè fún un ní èrò méjì.

Ohun tí onígìtá náà ṣe lẹ́yìn èyí ni ó gba orí olórí ẹgbẹ́. Prósẹ́sọ̀ tirẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó ní ihò ìwọlé méjì àti ọ̀nà méjì tí kò pàdé. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ki gìtá tirẹ̀ bọ ihò kejì. Ihò náà kò bá gìtá lásán mu, ohùn rẹ̀ á kú níbẹ̀, nítorí náà ó fi pẹ́dàlì kékeré kan sí àárín tí ń ti ohùn náà lẹ́yìn. Twin di ti ọ̀gá, AC30 tí ó ti gé ìdí rẹ̀ di ti ọmọ iṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ sí míksà. Ìtò kan náà ni. Ọwọ́ ni ó di méjì.

“Ta ló ń dáhùn yẹn?” ni olórí ẹgbẹ́ béèrè, bẹ́ẹ̀ ó ń wò ó.

“Èmi ni, sà.”

Ámpílífáyà ńlá méjì tí wọ́n ń gbé kiri tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tà, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí wọ́n ń san lé wọn lórí. Ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kò lé. Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì yanjú: ẹnu iná kan ni àpótí náà ní. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣe ségesège lójú agbo, gìtá méjèèjì ni yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ̀rọ náà tó jí. Onídùndún ti mọ̀ pé òun ni yóò máa fi oríkì dí àlàfo yẹn.