Àlejò Ẹ̀ẹ̀rùn

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń rí ẹyẹ kan ní Àjàṣẹ́ wa tí èdè Faransé ń pè ní guêpier à gorge blanche. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ìlà dúdú sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá mú oyin, a gbá a mọ́ ẹ̀ka igi títí oró rẹ̀ yóò fi jáde. Nígbà òjò, ó ń padà sí etí aṣálẹ̀ Sàhárà lọ yé ẹyin sínú ihò tí ó gbẹ́ sí ilẹ̀ yanrìn; níbẹ̀, àwọn ẹyẹ mìíràn a máa bá òbí bọ́ ọmọ.

Ní kíláàsì, orúkọ Faransé rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ wa ń dá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyẹ yìí kì í sábà fi ọmọ títọ́ sílẹ̀ fún òbí nìkan. Kí àwa náà má ṣe fi èdè wa sílẹ̀ fún olùkọ́ nìkan.