Ọmọ Wa Tí Ń Ṣọ́ Ẹ̀rọ Ọkàn

Ẹni tó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní GRA, Bìní níbí, ní oṣù tó kọjá, yóò ti rí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ti Amẹ́ríkà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ yín ló bi wá léèrè iṣẹ́ tó ń kọ́, nítorí kì í ṣe ti dókítà, kì í sì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. Perfusionist ni wọ́n ń pè é.

Bí dókítà bá fẹ́ tún inú ọkàn ènìyàn ṣe, wọn a fi oògùn dá ọkàn náà dúró. Ó yé àwa akọ̀wé rélùwéè kíákíá: bí wọ́n bá ń tún ojú irin ṣe, ọkọ̀ a gba ojú irin ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a gba inú rọ́bà jáde sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a fún un ní afẹ́fẹ́ tuntun, a mú un tutù, a sì dá a padà sí ara. Dókítà John Gibbon ló kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní àṣeyọrí, ní Philadelphia, ní May 6, 1953. Ọmọbìnrin ọdún 18 ni, ìṣẹ́jú 26 ni ẹ̀rọ sì fi gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ní Nàìjíríà, Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ní 1974, nígbà tí Dókítà Magdi Yacoub wá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Udekwu láti London.

Inú ilé ìwòsàn ni ọmọ wa ti ń parí ẹ̀kọ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹ̀rọ fún ènìyàn 75, ó kéré tán, lójú olùkọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń so rọ́bà, tí ó ń gbá a pẹ́pẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ lè sọ ènìyàn di arọ. Ní oṣù àkọ́kọ́, nọ́ńbà nìkan ló ń kọ sínú ìwé. (A ní akọ̀wé bíi tiwa náà ni.) Ó ní ti àwọn ọmọ tuntun ló ń ba òun lẹ́rù jù: gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara wọn kì í kún ìgò mínírà kan.

Ohun tó mú wa kọ èyí ni ìyá wa. Ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn wọn ti bàjẹ́, dókítà sì ní kí wọ́n lọ sí Enugu. Láti Ọdún Àjíǹde ni wọ́n ti kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dúró, ó ti kú nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n pe ọmọ náà sí yàrá.

“Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Ó ní bàbá àgbà kan ni. Wọ́n tún ọkàn rẹ̀ ṣe tán, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà sórí ẹ̀rọ. Nígbà kẹta, dókítà ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

“Kí lo wá ṣe?”

“Mo tú rọ́bà náà dànù, Màmá, mo nu ẹ̀rọ, mo sì so tuntun fún ẹni tó kàn. Ẹni yẹn ti lọ sílé rẹ̀.”

Màmá kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bi wá pé mélòó ni owó mọ́tò dé Enugu, àti pé ta ni yóò máa se oúnjẹ fún àwọn níbẹ̀.

Ọmọ náà ti padà. Ó ku ènìyàn 31 kí ó pé 75. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìyá wa ń lọ fún àyẹ̀wò. Owó kò tíì pé. Ẹ̀gbọ́n wa ní Warri ti fi tiwọn ránṣẹ́, a sì ń retí ti àwọn ìyókù.